Ìjánu Kẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ti Ń Gbé Mì Láti 1965

Mo mọ̀ pé apá kejì àròkọ mi lórí ọ̀rọ̀-àyálò lẹ ń retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀rọ̀-àyálò kékeré kan ló dá mi lọ́nà: bíréèkì.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi ní Orégùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 17, wà nínú àgbàlá. Ó dojú kẹ̀kẹ́ kan dé, ó ń fi sánńpépà ha rímù ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ náà ò ní ìjókòó rárá. Mo bi í pé ta ló jí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá o. Kẹ̀kẹ́ trials ni. Orí ìdúró la ti ń gùn ún, a fi ń fò gun òkúta." Ó ní bíréèkì ẹ̀yìn ń yọ̀, òun sì fẹ́ kó máa mú ṣinṣin. Ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ gun Raleigh láyé ijọ́un, sà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń mú?"

Ọmọ náà ò mọ ibi tí ìbéèrè yẹn bá mi. Àbúrò mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kì í ká tán. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ní màá kọ ìdáhùn sílẹ̀. Òun nìyí.

Kẹ̀kẹ́, bíréèkì, ìjánu

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. Kì í ṣe kẹ́kẹ́ tí wọ́n ń bù sójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú ìdánwò mi, ẹ rí i bí!

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú èdè wa kí básíkùlù tó dé. Nínú Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni Fáráò fi lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Odindi Bíbélì náà parí ní 1884. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 1885, ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry, èyí tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Òun ni bàbá gbogbo kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn lónìí. Nígbà tó dé ilẹ̀ wa, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Àwọn kan pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere, nítorí pé geere ló ń lọ. Látìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ò yé bímọ: títí dórí kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó gba orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999.

Bíréèkì ni tiẹ̀, ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti yá a. Àmọ́ àwọn tó ń kọ ìwé máa ń pè é ní ìjánu, orúkọ irin tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹṣin. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ ronú dáadáa: ohun tó ń dá ẹṣin dúró ló fi pe ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹṣin ní ọkàn. Bó o bá fa ìjánu, ó mọ̀ pé o ń bá òun sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ ò mọ nǹkan kan. Rọ́bà àti irin nìkan ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí nǹkan kan bá sì bọ́ sáàárín wọn, wọn ò ní gbọ́ra wọn yé.

Raleigh ní ọ̀nà Ikẹjà

Ilé-iṣẹ́ Raleigh bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nottingham, níbi tí Frank Bowden ti ra ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Raleigh Street láàárín 1887 sí 1888. Ní 1888 yìí kan náà ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Nǹkan méjèèjì yìí ló gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, olùkọ́, kátíkíìsì, àgbẹ̀ oníkòkó tó rí tajé ṣe, gbogbo wọn ló ń gun kẹ̀kẹ́. A máa ń san owó lísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹni tó bá ní Raleigh, tó ní agogo àti iná, kì í ṣe ẹni àná.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni èmi àti àbúrò mi ń gbé ní Orégùn. Ikẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, nítorí pé ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìjọba yẹn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ikẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop náà ń ṣe táyà níbẹ̀, kó tó dá iṣẹ́ náà dúró ní nǹkan bí 2008. Ọ̀nà Orégùn tí a ń sọ yìí ni ẹ̀yin ọmọ òde òní mọ̀ sí Kudirat Abiola Way, wọ́n fi sọrí obìnrin tí wọ́n pa ní Èkó lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996. Láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ a máa tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ bí ìjàlọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn.

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe oníwáyà. Irin gbọọrọ ló so ọwọ́ bíréèkì mọ́ rọ́bà méjì. Bó o bá fún un, irin á fa rọ́bà sókè, á fi gbá inú rímù mú. Ó lágbára, kì í tètè bàjẹ́, rìpíárà abúlé sì lè fi òòlù tún un ṣe. Irin ni rímù náà, wọ́n fi kúróòmù bò ó, ó ń dán bíi dígí. Dídán yẹn gan-an ni ìjọ̀ngbọ̀n tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ní 1965

Ọmọ ọdún 14 ni mí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rìpíárà àdúgbò wa, bàbá kan báyìí tó máa ń jókòó sábẹ́ igi. Bàbá náà pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, ó tún un ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n fọ kẹ̀kẹ́ náà. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo fẹ́ kó dán ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rọ òróró inú ìgò tí wọ́n fi ń rọ ṣéènì sí àkísà, mo fi nu gbogbo irin rẹ̀, rímù méjèèjì wà lára rẹ̀. Ó dán! Inú ara mi dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé àbúrò mi sórí irin iwájú, ká jọ jẹ́ iṣẹ́ kan. Òjò ti ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo fún bíréèkì, kò mú. Mo tún un fún, bí ẹni fún omi lọ́wọ́. Gọ́tà ló dá wa dúró. Èmi bó lórúnkún. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, kò sì jinná dáadáa títí dòní.

Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní bíréèkì ni kò mú. Irọ́ kọ́, àbí? Mi ò ṣáà sọ ti òróró. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọrí sọ́dọ̀ rìpíárà, ó bú u níwájú gbogbo ayé, ó ní ó fẹ́ pa ọmọ òun. Bàbá náà ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e lọ, ó mú." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì panu mọ́. Àwọn ará àdúgbò dẹ́kun gbígbé kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó kúrò lábẹ́ igi yẹn. Mi ò mọ ibi tó lọ.

Ìdí tí kò fi mú

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mò ń kàwé lókè òkun, mo rí ìwé *Bicycling Science* tí Whitt àti Wilson kọ, tí MIT Press tẹ̀ jáde ní 1974. Mo ṣí i sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ bíréèkì. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ kedere: bí rímù bá gbẹ, rọ́bà á dì í mú; bí rímù oníkúróòmù bá tutù, agbára ìdìmú yẹn á já wálẹ̀ lójijì, táyà á sì yí lọ́pọ̀ ìgbà kí rọ́bà tó nu omi kúrò, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹni tó bá mọ̀ á ti máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ibi tó fẹ́ dúró. Òjò nìkan nìyẹn o. Èmi ti kọ́kọ́ fi òróró sí i. Mo pa ìwé náà dé, mo jókòó pẹ́.

Ìdáhùn fún ọmọ ọmọ wa

Wàyí o, trials. Spain ni eré yìí ti gbilẹ̀, láàárín 1970 sí 1980, láti inú eré alùpùpù tí wọ́n fi ń gun àpáta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bíréèkì tiwa àti tiwọn, èdè Yorùbá fi hàn: tiwa fẹ́ *dá* kẹ̀kẹ́ *dúró*, tiwọn fẹ́ *dì* í *mú*. Ẹni tó dúró lórí táyà ẹ̀yìn nìkan, létí òkúta, kò fẹ́ kó yí rárá, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìka kan péré ló fi tẹ bíréèkì.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní ni agbára tó ti ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ rọ́bà. Irin gbọọrọ ti Raleigh fi ipò sílẹ̀ fún wáyà inú ọ̀pá, èyí tí Ernest Bowden gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1896 (kì í ṣe Frank Bowden o). Ní 1996, Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé V-brake jáde, apá rẹ̀ gùn, ó sì ń sọ agbára ọwọ́ di púpọ̀. Magura ti Jámánì ní tirẹ̀ yọ wáyà kúrò pátápátá, ó fi òróró inú ọ̀pá ti rọ́bà. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin trials fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá wọnú ọ̀pá náà, ọwọ́ bíréèkì á rọ̀ pẹ̀tẹ̀. O gbọ́dọ̀ lé e jáde.

Èkejì ni pé kí ohunkóhun má tẹ̀. Bó o bá tẹ bíréèkì tó lágbára, irin kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ a máa là sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára á sì ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de irin kan tó tẹ̀ bí ọrun mọ́ ọn, kí apá méjèèjì má baà ya. Rímù gbọ́dọ̀ tọ́, kí ojú rọ́bà sì bà á dọ́gbadọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni ojú rímù. Sánńpépà ò tó, ọmọ mi. Mẹ́ṣíìnì tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin ni wọ́n fi ń ha rímù àlùmíníọ̀mù, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kó lè rí ṣákaṣàka. Àwọn mìíràn máa ń fi ọ̀dà díẹ̀ pa á. Á mú, á sì máa han gooro. Àmọ́ híha yìí ń jẹ rímù àti rọ́bà, nítorí náà máa yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá ti ń tẹ́ẹ́rẹ́, pààrọ̀ rẹ̀. Má ṣe irú rẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ tó o fi ń lọ sójú títì: bíréèkì iwájú tó bá dì lójijì á gbé ọ fò kọjá. Rímù oníkúróòmù ńkọ́? Má ha á, yóò dógùn-ún. Lékè gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kí òróró kan rímù láé. Bó bá kàn án, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó o sì sọ rọ́bà yẹn nù.

Èyí tó kù

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí àbúrò mi létí kí n tó gbé e síbí. Ọgọ́ta ọdún ló fi gbà pé rìpíárà ló ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Nígbà tí mo dé ibi òróró, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi ti di tèmi. Bàbá yẹn lẹ jẹ ní gbèsè."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú, rìpíárà náà á sì ti kú. Nínú ìwé Jákọ́bù, orí kẹta, ìjánu ẹṣin àti ahọ́n èèyàn jọ wà lójú ewé kan náà. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Èmi dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe ìjánu rárá.

Bí ìdílé bàbá náà bá wà nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí, ìdílé ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ní Orégùn títí di 1965: bàbá yín mọṣẹ́. Bíréèkì tó ṣe mú. Èmi ni mo fi òróró sí i.

Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe bíréèkì kẹ̀kẹ́ nílùú yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn.