Ìyẹ̀fun Kòkó Mímu ní Johannesburg: Ìtàn Èròjà Aṣaralóore Inú Rẹ̀

Ìyẹ̀fun kòkó mímu jẹ́ àpòpọ̀ kòkó lílọ̀, ṣúgà, mọ́ọ̀tì tí a rí láti inú ọkà bálì, wàrà gbígbẹ, àti àwọn fítámì tí ilé-iṣẹ́ fi kún un. Omi gbígbóná tàbí wàrà ni a fi ń pò ó, òwúrọ̀ ni a sì máa ń mu ún jù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tíì ni àwọn ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ewé tíì kankan nínú rẹ̀. Ní Johannesburg, ìlú tí ó tóbi jù lọ ní Gúúsù Áfíríkà, ó wà lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà ńlá àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké Soweto tí wọ́n ń pè ní spaza. Igi kòkó kò lè hù níbẹ̀, nítorí pé ìlú náà fi nǹkan bí mítà 1,700 ga ju òkun lọ, òtútù oṣù kẹfà àti oṣù keje sì máa ń mú omi dì. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó àgbáyé ti ń wá. Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń tẹ̀lé ife yìí káàkiri láti ọjọ́ pípẹ́: nínú rẹ̀, èwo ni ó ń bọ́ ara, ìyẹ̀fun ni tàbí wàrà?

Iṣẹ́ ìwòsàn ni ó bí ìyẹ̀fun náà. Georg Wander, onímọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Bern ní Switzerland, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1865, níbi tí ó ti ń ṣe mọ́ọ̀tì fún àwọn tí ara wọn kò le. Ọmọ rẹ̀, Albert Wander, ni ó po mọ́ọ̀tì yìí mọ́ wàrà, ẹyin àti kòkó, tí ó sì gbé e jáde ní ọdún 1904 pẹ̀lú orúkọ Ovomaltine, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di Ovaltine. Ẹyin àti mọ́ọ̀tì ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Kòkó kò hàn nínú rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1932, Cadbury gbé Bournvita jáde, wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ yọ láti ara Bournville, àdúgbò ilé-iṣẹ́ wọn ní Birmingham. Ní ọdún 1934, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀, Thomas Mayne ṣe Milo fún Nestlé ní Australia. Orúkọ Milo ará Croton, oníjàkadì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n fi sọ ọ́. Báyìí ni ohun tí a ṣe fún aláìsàn ṣe di ohun tí a ń tà fún ẹni tí ó fẹ́ di alágbára.

Bí a bá wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìtàn náà yí padà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìyẹ̀fun yìí, ṣúgà máa ń kó ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé nǹkan bí ìdajì gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Lára ṣúgà náà ni èyí tí ó ti wà nínú wàrà àti mọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni ó fi èyí tí ó pọ̀ kún un. Gíráàmù 20, èyí tí ó tó ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sábà ní ju gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta purotéènì lọ. Wàrà màlúù mìlílítà 200 nìkan ní tó gíráàmù mẹ́fà purotéènì, ó sì ní kálísíọ̀mù tí ó lé ní mílígíráàmù 200. Irin wà nínú kòkó lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ sì tún ń fi kún un. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí ó fún kòkó ní ìkorò rẹ̀ máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irú irin bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Australia ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Àmì ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún ni Nestlé fi sára agolo Milo níbẹ̀, èyí tí ń sọ fún òǹrajà pé oúnjẹ rere ni. Wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun náà kí wọ́n tó ka ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kan ààbọ̀ ni ìyẹ̀fun náà ní fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn àríwísí àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà àti elétò ìlera, ilé-iṣẹ́ náà yọ àmì ọ̀hún kúrò.

Ní Johannesburg, wàrà kì í ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ní àǹfààní sí bákan náà. Láàárín àwọn ọdún 1940, Joseph Gillman àti Theodore Gillman, àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Witwatersrand, ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn tí pap, oúnjẹ àgbàdo tí ó jọ tùwó, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn. Wọ́n rí bí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìwé ńlá wọn lórí àìjẹunrekánú sì jáde ní ọdún 1951. Kwashiorkor wà lára àwọn àìsàn tí wọ́n ń wádìí. Èdè Gá ni orúkọ yẹn ti wá. Dókítà Cicely Williams ni ó mú un wọ inú ìwé ìṣègùn láti Gold Coast ní ọdún 1935, nígbà tí Gold Coast ń kó kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun ju ilẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ọmọ ilẹ̀ kòkó gan-an ni àìtó purotéènì ń pa.

Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín wàrà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé aláwọ̀ funfun kí ètò oúnjẹ ilé-ìwé tó kan àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1943. Ní ọdún 1945, Trevor Huddleston, àlùfáà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Sophiatown, dá African Children's Feeding Scheme sílẹ̀ ní Johannesburg láti bọ́ àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ National gba ìjọba ní ọdún 1948, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gé owó oúnjẹ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú títí ètò náà fi kú. Ọ̀kan lára àwọn ohun tí Nelson Mandela kọ́kọ́ ṣèlérí níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù karùn-ún ọdún 1994 ni oúnjẹ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tí ó nílò rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, òfin kan tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ gba ohun ìyangàn pàtàkì lọ́wọ́ ìyẹ̀fun kòkó. Láti ìgbà náà, ó di dandan kí àwọn ọlọ́lọ̀ fi fítámì A, oríṣiríṣi fítámì B, irin àti síǹkì sínú ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Pap tí ó jẹ́ oúnjẹ tálákà wá ní púpọ̀ nínú ohun tí a ń polówó lára agolo, láìsí ṣúgà. Kálísíọ̀mù kò sí lára èròjà tí òfin náà dárúkọ. Wàrà ṣì ni ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wàrà tútù máa ń da inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú rú, nítorí ara wọn kì í lè lo ṣúgà inú rẹ̀ tán. Amasi, wàrà kíkan tí àwọn Zulu àti Xhosa ti ń mu láti ayébáyé, rọrùn fún wọn jù, kò sì nílò ìyẹ̀fun kankan.

Ṣúgà ni ìjọba kọjú sí lẹ́yìn náà. Àwọn oníwádìí Witwatersrand wà lára àwọn tí ó ṣe ìṣirò tí ó ti owó orí ohun mímu aládùn lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018: sẹ́ǹtì 2.1 lórí gíráàmù ṣúgà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé ní mẹ́rin nínú mìlílítà 100. Fún ohun mímu tí a ń fi ìyẹ̀fun pò, bí ó bá ṣe rí lẹ́yìn tí a pò ó tán ni a fi ń ṣírò rẹ̀.

Ife ni òfin náà ń wọ̀n, kì í ṣe agolo; ohun tí ó wà nínú ife sì sinmi lé ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ní. Níbi tí wàrà ti wọ́n, omi gbígbóná ni a fi ń po ìyẹ̀fun, a sì tún lè bu ṣúgà lé e. Ọmọ tí ó mu irú ife bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mu ṣúgà, fítámì díẹ̀ àti òórùn kòkó. Òǹkà purotéènì àti kálísíọ̀mù tí a kọ sára agolo fún ife tí a fi wàrà pò kì í ṣe ti ife tirẹ̀.