Sátẹ́láìtì àti Ìkìlọ̀ Ìyàn

Ìyàn kì í ya lu ìlú lójijì. Òjò ló kọ́kọ́ ń kọ̀ tí kò rọ̀. Koríko á gbẹ, màlúù á rù, oúnjẹ á di ọ̀wọ́n gógó, kí ebi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn. Òjò àti koríko yìí ni sátẹ́láìtì ń bá àwọn elétò ìrànwọ́ ṣọ́ láti òfuurufú, nígbà tí àyè ṣì wà láti ra ọkà kí wọ́n sì kó o débẹ̀.

Lẹ́yìn ìyàn ńlá tó jà ní Ẹtiópíà àti Sudan ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò ìkìlọ̀ FEWS NET sílẹ̀ ní 1985. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ koríko nìyí: ewé tó yè kooro máa ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu, á sì máa dá ìtànṣán kan tí ojú wa kò lè rí padà. Ewé tó ń rọ kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Láti inú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń ṣírò òǹkà NDVI, tí wọ́n á fi tọdún yìí wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Ní ti òjò, bí orí ìkuukùu ṣe tutù tó ni wọ́n ń wò. Àkójọ CHIRPS ti Yunifásítì California ní Santa Barbara, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1981, da èyí pọ̀ mọ́ ìwọ̀n òjò tí wọ́n gbà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ iye tí wọ́n ń ta ọkà bàbà lọ́jà. Oko tí ogun lé olóko kúrò nínú rẹ̀, tí igbó ti bò, lè tutù yọ̀yọ̀ lójú sátẹ́láìtì bí oko tí wọ́n ro dáadáa. Àwọn tó ń ná ọjà, tó ń wọn apá ọmọdé láti mọ bí ebi ṣe ń pa á tó, kò ṣeé yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Kíkìlọ̀ nìkan kò sì tó. Láti oṣù kẹjọ 2010 ni FEWS NET ti ń pariwo lórí Sòmálíà. Òjò kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ẹgbẹ́ agbébọn Al-Shabaab dínà mọ́ àwọn aláàánú, òfin Amẹ́ríkà lórí ìpániláyà dẹ́rù ba àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́. Ogúnjọ́ oṣù keje 2011 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó kéde ìyàn. Nǹkan bí 258,000 ènìyàn ló kú, ìdajì wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí òjò tún kọ̀ níbẹ̀ ní 2017, owó tètè dé, ọ̀rọ̀ kò sì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní Marsabit, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn láti 2010: adójútòfò ẹran ọ̀sìn tó ń wo NDVI. Bí koríko bá gbẹ kọjá ààlà, darandaran gba owó, ẹnikẹ́ni kò ní í ka òkú màlúù. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe kí owó lè dé kí ẹran tó kú. Síbẹ̀, àdúgbò lè tutù lójú sátẹ́láìtì kí agbo ẹnìkan sì ṣòfò, olúwarẹ̀ kò ní í rí kọ́bọ̀ gbà.