Ìwé Wo Ni Kí A Kà?

Ojú Ring Road ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ he. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, oòrùn lé mi wọ abẹ́ òjìji ilé ìtajà ńlá tí ó wà níbẹ̀, mo sì bá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jiyàn kíkankíkan. Mo ṣèbí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, àṣé ọ̀rọ̀ ìwé ni! Ọ̀kan ní kò sí ìwé tí ó dùn tó ti Harry Potter, ọmọ òyìnbó tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ oṣó. Èkejì ní irọ́ ni, kí ó lọ ka Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ẹnìkẹta ń fi Tolkien búra. Nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí ó wà láàárín wọn dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni ẹ̀yin fẹ́ràn jù nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé?”

Mo ní, “Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni.”

Ó wò mí títí, ó ní, “Háà, Bàbá, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwé ìdánwò ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ìwé tí àwa fi ojú oorun kà, tí a ń jà sí, ni ó ti di ohun tí ọmọ ń kà nítorí kí ó má baà gba òdo! Mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ ìtàn kan fún wọn. Ìtàn náà ni n óò tún sọ fún yín.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní ọdún 1903, ni ó kọ ìwé náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ní ilé-ìwé tí ó wà lábẹ́ St. Andrew's. Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ti ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀ ní ọdún 1936, òun náà sì kọ tirẹ̀. Ilé-ìtẹ̀wé àwọn C.M.S. tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n sọ fún ọmọ tí ń fi Tolkien búra pé ọdún 1937 ni The Hobbit jáde ní ìlú òyìnbó. Fágúnwà ti kọ tirẹ̀ kí ìyẹn tó délé aráyé. Ẹnì kan kò gbúròó ẹnì kejì. Olúkúlùkù gba ẹ̀yìnkùlé bàbá tirẹ̀ wọ igbó, ó sì bá iwin níbẹ̀.

Ẹ wo bí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Àkàrà-ògùn, ògbójú ọdẹ, tọ akọ̀wé kan wá, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Akọ̀wé nìkan ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí i ní ilé náà, tí wọ́n wá gbọ́ bí ọdẹ yìí ti bá Àgbákò jà, àti bí òun àti àwọn akọni bíi Kàkó àti Ìmọ́dòye ti lọ sí Òkè Lángbòdó. Ó dà bí ẹni pé Fágúnwà ti mọ ọ̀nà tí ìwé rẹ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn.

Nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní agbolé wa. Ní oṣù January ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún tí ó ṣáájú, di 811,432 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aláṣẹ ṣèbí ọmọ nìkan ni àwọn ń kọ́. Èmi tí mo wọ ilé-ìwé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà mọ̀ pé bí ọmọ kan bá ti mọ̀wé kà, gbogbo agbolé ni ó mọ̀wé kà. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, wọn a gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọn a ní kí n máa bá a lọ níbi tí mo dé. Bàbá àgbà wa, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ni ó ń tún un ṣe fún mi, nítorí pé àmì ohùn kò tó nǹkan nínú ìwé ìgbà náà. Ọdẹ ni bàbá àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo sọ ọdẹ di ọ̀dẹ̀ nínú kíkà mi, ó yọ ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu, ó ní, “Ta ni ò ń bú?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí fìtílà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ní alẹ́ yóò gbé e dé ọjà ní òwúrọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní ọjà yóò sì wá jókòó tì wá ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Báyìí ni a ṣe ń polówó ìwé.

Fágúnwà kò dúró lórí ẹyọ kan. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Bí ẹ bá bi mí, Igbó Olódùmarè ni mo fi ṣe olórí gbogbo wọn. Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni ó ni ìtàn ibẹ̀, èdè rẹ̀ sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò ní purọ́ fún yín, ọkùnrin náà fẹ́ràn ìwàásù púpọ̀. Níbi tí ọwọ́ iwin ti fẹ́ ba ọdẹ ni yóò ti dúró gba òbí àti ọmọ níyànjú. Ní agbolé wa, àkókò yẹn ni àwọn ìyá wa máa ń dìde lọ bu omi mu. Ìbàdàn níhìn-ín ni ó ti ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ láti 1955 sí 1959, kí ó tó di aṣojú Heinemann. Odò ni ó gbé e lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida, ní ọjọ́ 7 oṣù December, ọdún 1963.

Ṣùgbọ́n ìwé kejì tí mo dárúkọ fún àwọn ọmọ náà ni ó dá ìjà sílẹ̀. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1920, kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Níbẹ̀ ni ó ti fi pẹ́ńsù kọ ìtàn ọ̀mùtí kan tí bàbá rẹ̀ fún ní oko ọ̀pẹ, tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Adẹ́mu rẹ̀ ń gbé agbè ẹmu 150 wá ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí aago méjì ọ̀sán sì tó lù, ó ti mu ún tán. Nígbà tí adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ tí ó kú, ọ̀mùtí ní òun yóò wá a dé ìlú àwọn òkú. Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nígbà tí ó sì di ọdún 1953, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Ilé ni a kò ti gbà á. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí ìwé ìròyìn West Africa ní ọdún 1954. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyẹn? Wọ́n ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó, kì í sì í ṣe tiwa. Wọ́n ní àwọn òyìnbó fẹ́ fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́, àti pé ìtàn tí ìyá àgbà ń pa fún ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, Fágúnwà sì ti kọ irú rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí a bú wọn. A ń tọrọ òmìnira nígbà náà, ẹni tí ó sì ń lọ bá ọba sọ̀rọ̀ kì í fẹ́ kí àbúrò òun tẹ̀lé òun pẹ̀lú aṣọ tí ó ya. Èmi náà, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé gíga, mo fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni wọ́n fi kà á. Bí ẹ bá ka ìwé náà sókè, ẹ ó gbọ́ pé Yorùbá ni ó wọ kóòtù.

Ẹni tí ó bọ́ kóòtù náà lára rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, eléré orí ìtàgé. Ẹ̀ka eré orí ìtàgé ti Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ ní ọdún 1962, Demas Nwoko sì bá a ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ní oṣù April ọdún 1963 wọ́n gbé Ọ̀mùtí jáde ní Arts Theatre, Yorùbá pọ́ńbélé, pẹ̀lú ìlù àti orin. Ògúnmọ́lá fún ọ̀mùtí ní orúkọ, ó pè é ní Lánkẹ, ó sì sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá tí ó ń lá. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó lọ sí ìlú àwọn òkú, ẹ jẹ́ kí ó lọ tọ̀nàtọ̀nà. Ṣùgbọ́n eré náà yí ìlú ká, àwọn tí kò lè ka ìlà kan nínú ìwé Faber sì gbé orin Lánkẹ lọ sílé. Ìjà tí lẹ́tà kò lè parí, etí parí rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, sítókípà ni Tutùọlá ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, ó ń kọ iye ẹrù tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀. Odò-Ọ̀nà ni ó kọ́lé sí, ní apá ìlú kan náà tí Ring Road wà, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù June ọdún 1997. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ Tolkien la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ìdí tí a fi ń pe Challenge ní Challenge. Wọn kò mọ̀. Ilé-ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì S.I.M. tí ó wà níbẹ̀ ni, Challenge Bookshop. Orúkọ ilé-ìtàwé ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi ohùn rara ké lójoojúmọ́.

Mo fún ọmọbìnrin náà ní Igbó Olódùmarè tèmi ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí ó dá a padà láàárín oṣù kan. Oṣù kẹta ti kọjá. Nígbà tí mo bi í, ó dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ti fi í fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Challenge tí ń kà á fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. N kò tíì bèèrè rẹ̀ mọ́.