Ìwọ̀n Ooru inú Kọ̀ǹpútà: Bí Sẹ́ńsọ̀ àti Sọ́fítíwíà Ṣe Péye Tó

Ìwọ̀n ooru inú kọ̀ǹpútà ni iye tí àwọn sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú prósẹ́sọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù, káàdì àwòrán àti dísíìkì ń kà, tí sọ́fítíwíà bíi Core Temp, HWMonitor, HWiNFO tàbí lm-sensors ti Linux ń gbé jáde lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka tẹmómítà náà ni sọ́fítíwíà ṣe ń ka èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ìṣirò náà sì máa ń sún mọ́ òótọ́ nígbà tí prósẹ́sọ̀ bá gbóná janjan. Bí ó bá ti ń tutù ni irọ́ ń wọ̀ ọ́.

Inú prósẹ́sọ̀ gan-an ni sẹ́ńsọ̀ náà wà. Dáyóòdù kékeré kan ni: bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò bá yí padà, fólítéèjì rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mílífóòtì 2 fún 1°C tí ó bá fi gbóná sí i. Láti 2006 tí Core Duo ti jáde ni Intel ti ń fi sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fólítéèjì yìí di nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kọ́ọ̀ prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́júpọ̀ nìyí: sẹ́ńsọ̀ náà kì í sọ pé òun wà ní 62°C. Iye dígírì tó kù kí òun tó kan àjà ló ń sọ, àjà náà sì ni ìwọ̀n tí Intel ń pè ní TjMax, tí prósẹ́sọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí àjà bá wà ní 100°C, tí sẹ́ńsọ̀ ní ó ku 38, sọ́fítíwíà á yọ 38 kúrò lára 100, á sì kọ 62 síta.

Nítorí náà, bí sọ́fítíwíà kò bá mọ ibi tí àjà wà, gbogbo iye tó ń kọ ló ti yẹ̀ nìyẹn. Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní ayé àwọn prósẹ́sọ̀ Core 2 ti Intel. Intel kò sọ iye àjà àwọn prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àwọn tó ń ṣe Core Temp àti RealTemp wá ń méfò. Lórí prósẹ́sọ̀ kan náà, sọ́fítíwíà kan lè lo 95, kí èkejì lo 105, kí ìyàtọ̀ 10°C sì wà láàárín wọn láìjẹ́ pé ooru yí padà rárá. Ọdún 2008 ni Intel tó gbé iye wọ̀nyẹn síta. Láti ìran Nehalem, tó jáde ní òpin ọdún yẹn, inú prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ti ń kọ iye àjà sí, tí sọ́fítíwíà á kàn lọ kà á níbẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó jẹ́ Core 2 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi iye tó rí búra.

Síbẹ̀, mímọ àjà nìkan kò tán ọ̀rọ̀. Ìtòsí àjà ni wọ́n ti ń ṣètò sẹ́ńsọ̀ kí ó péye, torí ìdáàbòbò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bí ooru bá kan àjà, prósẹ́sọ̀ á dín eré kù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ga sí i, ẹ̀rọ á kú pátápátá. Kò dúró de Core Temp kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ kankan, àṣìṣe 5°C kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àwọn sẹ́ńsọ̀ Core 2 kan tilẹ̀ máa ń há síbì kan, tí iye wọn kò ní lọ sílẹ̀ mọ́ bó ti wù kí ẹ̀rọ tutù tó.

Ooru Ìbàdàn wúlò fún ìdánwò kan tó rọrùn, tí a lè fi mọ̀ bí iye ìsàlẹ̀ yẹn bá jẹ́ irọ́. Fáànù kò lè mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ lọ. Bí iyàrá bá wà ní 33°C, tí prósẹ́sọ̀ ní òun wà ní 18°C, irọ́ ni. Àwọn prósẹ́sọ̀ AMD FX ìgbà kan máa ń pa irú irọ́ yìí bí wọn kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ẹnikẹ́ni lè gbà á gbọ́. Ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù kẹta, kò sẹ́ni tó máa gbà á. AMD tún ṣe òdìkejì rẹ̀ ní 2017: Ryzen 7 1700X àti 1800X ń fi 20°C lé ìwọ̀n tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, kí fáànù lè máa yí bákan náà lórí gbogbo irú prósẹ́sọ̀ ìran yẹn. Sọ́fítíwíà tí kò tíì mọ̀ nípa àfikún náà ń kọ 65 síbi tí òótọ́ ti jẹ́ 45.

Iyàrá fúnra rẹ̀ wà nínú iye tí à ń rí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan náà, iṣẹ́ kan náà, fáànù ń yí ní ìwọ̀n kan náà: bí wọ́n bá gbé e kúrò ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú dé 22°C ní Onírèké, tí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kò níná ní Dùgbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 34°C, prósẹ́sọ̀ á fi nǹkan bíi 12°C gbóná sí i. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí àfiwé tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ní agbègbè Queen Cinema ní Ìbàdàn, níbi tí ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà wà, fi gba àyẹ̀wò. Oníbàárà gbé ẹ̀rọ tó ń kú lójijì wá. Oníṣẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀, eruku ọyẹ́ ti dì pọ̀ bí òwú sẹ́nu ọ̀nà tí fáànù ń gbà tú ooru síta. Ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú blower, ó nu paste àtijọ́ tó ti gbẹ kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ó fi tuntun sí i, ó dè é, ó tàn án. “Ẹ wò ó, ọ̀gá, 94 ni tẹ́lẹ̀, 51 ló wà báyìí.” Iṣẹ́ gidi ló ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò gún. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ló fún un ní 94. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ló fún un ní 51. Iṣẹ́ kan náà ló yẹ kó gbé lé e lọ́wọ́ nígbà méjèèjì, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kó tó fi wé ara wọn. Bí a bá ṣe é báyìí, àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ni lọ́wọ́, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bákan náà nínú iye méjèèjì.

Èyí tó ń dẹ́rù ba èèyàn lásán jù ni ti mọ́dábọ́ọ̀dù. Ṣíìpù tí Nuvoton tàbí ITE ń ṣe ló ń bójú tó fáànù àti ooru níbẹ̀, ó sì ní ẹnu sẹ́ńsọ̀ ju iye tí ẹni tó to bọ́ọ̀dù náà so nǹkan mọ́ lọ. Sọ́fítíwíà kò mọ èwo ló ṣófo, gbogbo rẹ̀ ló ń kà. Bí orúkọ bíi AUXTIN bá wá gbé 127°C tàbí -128°C jáde, kò sí ohun tó ń jó. Ìpẹ̀kun méjèèjì iye tí àyè bíìtì mẹ́jọ lè gbà ni wọ́n. Sọ́fítíwíà méjì tó bá ń ka ṣíìpù yìí lẹ́ẹ̀kan náà tún lè da iye rú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹyọ kan ló yẹ kí èèyàn ṣí.

Ti dísíìkì kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ SMART ni ooru rẹ̀ wà, sábà ní nọ́ńbà 194. Dísíìkì NVMe ń fi Kelvin ránṣẹ́, sọ́fítíwíà á sì yọ 273 kúrò.

Àwọn kan máa ń gbé ìbọn tẹmómítà tó ń kà láìfọwọ́kàn wá láti fi yẹ sọ́fítíwíà wò. Òde ara nìyẹn lè kà, inú prósẹ́sọ̀ sì máa ń gbóná ju òde ibi tí ìbọn náà lè rí lọ dáadáa. Irin tó ń dán máa ń tàn án jẹ pẹ̀lú, torí ìtànṣán ooru tó ń jáde lára irin bẹ́ẹ̀ kéré, ìbọn á sì kọ iye tó rẹlẹ̀ ju òótọ́ lọ. Kí a lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú ibẹ̀ ká tó kà á ló ń tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì nígbà kòrónà ní 2020 kò wúlò fún iṣẹ́ yìí ní tirẹ̀. Ibà ni wọ́n ṣe é fún: bí wọ́n bá nà án sí irin tó ti kọjá àádọ́ta dígírì, “Hi” ló máa kọ.