Eré Go àti Ọgbọ́n Gbígba Ilẹ̀: Bí Òfin Ti Ń Yí Ìmọ̀ Padà

Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn eré kan tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá yẹ òwe náà wò, kí a lè mọ ibi tí ó ti bá òtítọ́ mu àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Go ni orúkọ eré náà. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní wéiqí, àwọn ará Kòríà sì ń pè é ní baduk. Ìbéèrè tí a ní láti dáhùn nìyí: bí àwọn ọ̀ta bá sọ pé báyìí ni a ṣe ń ta eré, ṣé òtítọ́ tí kì í yẹ̀ ni wọ́n sọ, tàbí òfin ìgbà wọn ni ó ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀?

Bí a ti ń ta á

Ènìyàn méjì ní í ta Go. Ọ̀kan a mú ọmọ dúdú, èkejì a mú funfun. Dúdú ni ó ń kọ́kọ́ ta. Ìlà 19 ni ó wà lórí ọpọ́n ní ìbú, 19 sì wà ní òòró. Oríta tí àwọn ìlà náà ti pàdé jẹ́ 361, orí oríta wọ̀nyí ni a sì ń gbé ọmọ lé. Ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè rí ìyàtọ̀. Nínú ayò, ọmọ kì í gbé ojú kan; nínú Go, ọmọ tí a bá ti gbé kalẹ̀ kì í ṣípò mọ́, àfi bí alátakò bá yí i ká tí ó sì kó o kúrò. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dù: oríta òfìfo tí ènìyàn bá fi ọmọ rẹ̀ ṣọgbà yí ká ni ó di tirẹ̀. Agbo ọmọ tí ó bá ní ojú méjì, èyíinì ni oríta òfìfo méjì tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣe é pa, nítorí alátakò kò lè dí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti inú òfin wọ̀nyí ni ọgbọ́n àkọ́kọ́ ti jáde: igun ni kí a kọ́kọ́ gbà, kí a tó lọ sí etí ọpọ́n, kí a tó lọ sí àárín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣọgbà yí oríta 9 ká ní igun, ọmọ 6 ti tó, nítorí etí ọpọ́n fúnra rẹ̀ ti di ògiri méjì fún wa. Ní ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, yóò gba ọmọ 9. Ní àárín gbùngbùn, yóò gba 12. Ọpọ́n fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní èyí.

Láti Ṣáínà dé Jàpáánì

Eré yìí ti pẹ́. Mencius, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kírísítì, fi ọ̀ta kan tí ń jẹ́ Yi Qiu ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́tí sílẹ̀ tọkàntọkàn; èkejì ń ronú bí òun yóò ti ta ẹyẹ tí ń fò bọ̀ lọ́fà. Mencius ní kì í ṣe àìlọ́gbọ́n ni ó mú èkejì rẹ̀yìn. Ó hàn gbangba pé láti ìgbà náà ni Go ti di ìmọ̀ tí olùkọ́ ń kọ́ni.

Ní Jàpáánì ni ìmọ̀ náà ti wá di iṣẹ́ ìjọba. Ní 1612, ìjọba Tokugawa bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn ọ̀ta Go, ilé mẹ́rin sì di olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀: Hon'inbō, Inoue, Yasui àti Hayashi. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ta eré ní ààfin Edo. Ohun tí ilé wọ̀nyí bá fọwọ́ sí ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ń gbà.

Ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Shūsaku ti ilé Hon'inbō, tí ó gbé ayé láti 1829 sí 1862. Ìgbà 19 ni ó ta ní ààfin, kò sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó bá mú dúdú, ó fẹ́ràn ìgbésẹ̀ kan tí ó lọ́ra, tí ó sì dúró ṣinṣin, ní igun. Kí ni ó fà á? Ní ayé rẹ̀, a kì í san ohunkóhun fún funfun nítorí pé dúdú ni ó kọ́kọ́ ta. Dúdú ti ṣáájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ṣáájú kò ní láti sáré. Kí ó ṣọ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n

Ní 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ṣáínà kan, Wu Qingyuan, tí àwọn ará Jàpáánì ń pè ní Go Seigen, lọ sí Jàpáánì. Ní 1933, òun àti Kitani Minoru gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀. Wọ́n ní kí a fi ọmọ kan ṣoṣo gba igun, kí a sì tètè kọjú sí àárín, dípò kí a máa fi ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta dì mọ́ igun kan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Wu, ọmọ ọdún 19, jókòó ti Hon'inbō Shūsai, olórí gbogbo ọ̀ta. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí oríta ìlà kẹta pẹ̀lú ìlà kẹta ní igun, èyí tí ilé Hon'inbō kà sí èèwọ̀. Ìkẹta rẹ̀ bọ́ sí àárín gbùngbùn ọpọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà gba àgbà láyè láti dá eré dúró nígbàkígbà tí ó bá kan án, kí ó lọ sílé lọ rò ó. Ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí Shūsai ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kìíní 1934 ni eré tó parí; oríta méjì ni Shūsai fi borí. Ní 1938, Shūsai bá Kitani ta eré ìdágbére rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ó kàn nígbà tí ọjọ́ bá parí ní láti kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí a sì lẹ̀ ẹ́ pa. Kitani ni ó borí, pẹ̀lú oríta márùn-ún.

Òfin mìíràn tún yí padà. Nínú ìdíje Hon'inbō tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n ń fún funfun ní oríta díẹ̀ láti fi dí ànfààní dúdú. Lónìí, 6½ ni ní Jàpáánì, 7½ sì ni ní Ṣáínà. Láti ìgbà náà ni ìgbésẹ̀ Shūsaku tí ó lọ́ra ti ń ṣọ̀wọ́n, nítorí pé dúdú kò ṣáájú mọ́. Ó di dandan kí ó sáré.

Ẹ̀rọ dá sí ọ̀rọ̀ náà

Ní oṣù kẹta 2016, ní ìlú Seoul, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà AlphaGo fi 4 sí 1 borí Lee Sedol, ọ̀ta ará Kòríà. Nínú eré kejì, ní ìgbésẹ̀ 37, ẹ̀rọ náà gbé ọmọ sí ìlà karùn-ún, níbi tí àṣà ti ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin ni ó yẹ. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ó ṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tán lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn: ìgbésẹ̀ 78 Lee ní eré kẹrin ni ó gba iyì rẹ̀ padà.

Ní 2017, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ mìíràn, AlphaGo Zero, ní òfin eré nìkan, láìfi eré ènìyàn kankan hàn án. Bí ó ti ń bá ara rẹ̀ ta, ó tún rí ọ̀pọ̀ ọgbọ́n igun tí àwọn àgbà ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pa òmíràn tì nínú wọn. Oríta ìlà kẹta tí ó ti jẹ́ èèwọ̀ wá di ibi tí àwọn ẹ̀rọ ń tètè wọ̀. Síbẹ̀, igun ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ gbà.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ohun tí à ń pè ní ọgbọ́n àgbà pín sí mẹ́ta. Èkíní ti inú ohun náà fúnra rẹ̀ wá, bí igun ti ṣáájú àárín. Èyí kì í di wèrè. Èkejì tọ́ níwọ̀n ìgbà tí òfin kan bá wà, bí ìgbésẹ̀ Shūsaku tí ó lọ́ra. Bí òfin bá yí, kí a tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta dúró lórí ọlá ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan, bí èèwọ̀ ilé Hon'inbō. Ọmọ ọdún 19 kan sì dán an wò.

Àwa olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí a tó fa ìlà pupa sí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yàtọ̀ sí tiwa, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń dáàbò bò. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, kí ó rántí pé Wu kò kọ ẹ̀kọ́ àwọn ilé mẹ́rin sílẹ̀. Ó kọ́ ọ dé òpin kí ó tó yà á sílẹ̀.