Ta Ni Wọ́n Ń Gbà Wọlé? Ìtàn Ọmọdé Nínú Ilé Oúnjẹ Toronto

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, kò sí ẹni tí í béèrè bóyá ilé oúnjẹ kan gba ọmọdé tàbí kò gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé búkà kì í ṣe ibi ọmọdé. Arìnrìn-àjò, awakọ̀, òṣìṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Bí ìyá kan bá kó ọmọ mẹ́ta lọ sí búkà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, àwọn aládùúgbò yóò ní kò mọ iná dá. (Ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀ tí a ń rán ọmọ lọ rà kò sí nínú èyí o, nítorí ilé ni a ti ń jẹ ẹ́.) Ní 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí òbí tí ó wọ aṣọ tuntun fún ọmọ, tí ó sì mú un lọ jẹ míìtì páì níta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn.

Ní Toronto, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyá àgbà tí ì bá bá wa gbé ọmọ wà ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n wà ní Brampton, àwa wà ní Scarborough. Bí ìsìn bá parí ní aago kan ọ̀sán, tí ebi ń pa ọmọ mẹ́rin nínú ọkọ̀, tí yìnyín sì ń bọ́, ibo ni a ó wọ̀? A ń wá ibi tí wọn kò ní máa wò wá ní ìwòkuwò bí ọmọ ọlọ́dún méjì bá ju ṣíbí sílẹ̀. Àwọn òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àga gíga ọmọdé ti wà nínú ilé oúnjẹ ìlú yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣí àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí, àwọn kan sì jà kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọtí. Ní 1916 ni ìjọba Ontario fòfin de ọtí títà, ó sì di 1934 kí wọ́n tó gbà kí hòtẹ́ẹ̀lì máa ta bíà fún ẹni tí ó fẹ́ jókòó mu ún. Ìlẹ̀kùn méjì ni irú yàrá ọtí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní: ọ̀kan fún ọkùnrin nìkan, èkejì fún obìnrin àti ọkùnrin tí ó bá mú obìnrin wá. Ọmọdé kò ní ìlẹ̀kùn kankan. Ní 1947 ni wọ́n gba ilé ọtí láyè láti máa ta ọtí líle; Silver Rail ní òpópónà Yonge wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ìyá tí ó bá mú ọmọ lọ́wọ́ láàárín ìlú nígbà náà, inú ilé ìtajà ńlá ni ó ti lè rí ibi jókòó. Simpson's ṣí Arcadian Court ní 1929, Eaton's sì ṣí Round Room ní òpópónà College ní 1931. Aṣọ tábìlì funfun, tíì, àti ọmọ tí a ti kìlọ̀ fún kí ó má ṣe mí gúlegúle. Ibẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ti ọmọdé síwájú sí i, ó yẹ kí a béèrè pé irú ọmọ ta ni? Ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Dresden, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Ontario, níbi tí àwọn tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà ti wá tẹ̀dó. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ ṣì kọ̀ láti ta oúnjẹ fún ènìyàn dúdú. Káfíńtà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Burnett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ National Unity Association sílẹ̀ ní 1948 láti bá ìwà yìí jà. Ní 1949, ìlú dìbò lórí rẹ̀. Ènìyàn 108 ní kí wọ́n fòfin dá ìyàsọ́tọ̀ náà dúró. 517 ní rárá. Ẹ wo bí ó ti rí, kí aládùúgbò rẹ di ìbò láti fi sọ pé ìwọ àti ọmọ rẹ kò gbọdọ̀ jókòó jẹun nítòsí òun!

Burnett kò dákẹ́. Ní 1954, ìjọba Leslie Frost ṣe òfin tí ó ní kí ilé oúnjẹ àti ilé ìtura má ṣe lé ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn. Òfin wà, ṣùgbọ́n Kay's Café ní Dresden kò yí padà. Ni Bromley Armstrong, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti dé Toronto ní 1947, tí ó sì jẹ́ akíkanjú nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bá gbéra pẹ̀lú Ruth Lor, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Ṣáínà. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹun. Wọn kò dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, ó sì di 1956 kí wọ́n tó ta oúnjẹ fún ènìyàn dúdú níbẹ̀. Ní 1962 ni Ontario kó àwọn òfin bẹ́ẹ̀ jọ di Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Kánádà. Àwọn ọmọ dúdú tí ń kọjá níwájú fèrèsé Kay's Café ni mo máa ń rò. Kí ni ìyá wọn máa ń sọ fún wọn bí wọ́n bá béèrè ìdí tí àwọn kò fi lè wọlé?

Ìtàn àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn tún jẹ́ ìyanu. Láti 1885 ni Kánádà ti ń gba owó orí pàtàkì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ ìlú. Nígbà tí ó di 1903, owó náà ti di dọ́là 500. Ní 1923, wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá títí di 1947. Ọkọ wà ní Toronto, ìyàwó àti ọmọ wà lókè òkun. Àwọn ọkùnrin tí wọn kò jẹ́ kí ó kó ọmọ wá wọ̀nyí ni wọ́n ń dáná fún ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, tí ìdílé wọn dé, ilé oúnjẹ wọn di ibi tí bàbá àgbà, ìyá àti ọmọ ọwọ́ ti ń jókòó yí tábìlì róbótó kan ká. Wọ́n gba apá tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn ní òpópónà Elizabeth láti fi kọ́ ilé ìjọba ìlú tuntun tí wọ́n ṣí ní 1965, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣí lọ sí Spadina. Nígbà tí wọ́n ṣí Dragon Centre ní Agincourt, ní Scarborough, ní 1984, àwọn aládùúgbò kan fárígá, wọ́n ní ọkọ̀ ti pọ̀ jù.

Lójú tèmi, kò sí ibi tí ó bá ìdílé Yorùbá lára mu ní Toronto bí ilé oúnjẹ dim sum ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkún ọmọ rẹ kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oúnjẹ ń dé ní kékeré kékeré, kò sí pé ọmọ ń dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ìyá arúgbó tí ó jókòó sí tábìlì kejì, tí kò gbọ́ èdè rẹ, yóò na ọwọ́ láti bá ọ gbé ọmọ.

Swiss Chalet bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Bloor ní 1954, adìyẹ yíyan ni wọ́n ń tà. McDonald's dé Ontario ní 1968. Àwọn wọ̀nyí ni ó sọ ọmọdé di oníbàárà gan-an. Ohun tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé ni èéfín. Títí di 2001, sìgá ṣì ń rú nínú ilé oúnjẹ Toronto, òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée yóò kàn máa wá ibi jókòó kiri. Òfin ìlú dá a dúró nínú ilé oúnjẹ lọ́dún náà, ó kan ilé ọtí ní 2004, gbogbo Ontario sì tẹ̀ lé e ní 2006.

Nígbà tí wọ́n tún Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, wọ́n fi ipò ìdílé kún un, ìyẹn ni pé kí a má ṣe yà ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ òbí ọmọ tàbí ọmọ òbí. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ orí nínú òfin náà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 18, nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè sọ pé wọ́n fi ọjọ́ orí rẹ́ òun jẹ. Orí ipò ìdílé ni òbí yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó òfin náà sì ti là á yé àwọn oníṣòwò pé ìyá lè fún ọmọ lọ́mú ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí ó bora tàbí kí ó kúrò níbẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ní Ọ̀yọ́ bá gbọ́ pé ó gba òfin, wọn yóò rẹ́rìn-ín títí.

Ó ku àwọn ilé oúnjẹ tiwa. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ti wọ̀ ni wọ́n ṣètò fún ẹni tí ó fẹ́ ra oúnjẹ lọ sílé: tábìlì mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n ńlá, kò sí àga gíga ọmọdé, ata sì dé inú ohun gbogbo. N kò dá wọn lẹ́bi, owó ilé ní ìlú yìí kì í ṣe ohun eré. Síbẹ̀, mo ti rí ìyá kan tí ó béèrè ọbẹ̀ aláìláta fún ọmọ rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé ìrẹsì àti dòdò jáde nínú àwo kékeré. Kò gba owó rẹ̀.