Ènìyàn Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Ipò Tí Àwọn Ẹgbẹ́ Eléré Ìbílẹ̀ Wà ní Káúntì Kerry, ní Ilẹ̀ Írẹ́lándì

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ ìtàn eré orí pápá, ti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Ìwé ni ó mú mi dé ibẹ̀. Nínú An tOileánach, ìtàn ìgbésí-ayé tí Tomás Ó Criomhthain fi èdè Írẹ́lándì kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1929, òǹkọ̀wé náà ròyìn bí àwọn ará erékùṣù rẹ̀, Great Blasket, ṣe máa ń jáde sí etí òkun ní àkókò Kérésìmesì láti fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1953, ìjọba kó àwọn tí ó ṣẹ́kù kúrò ní erékùṣù náà, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ, àwọn tí ó kù kò sì pọ̀ tó láti dá gbé níbẹ̀ mọ́. Iyanrìn etí òkun náà ṣì wà. Àwọn tí ń sáré lórí rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Káúntì Kerry, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, ni erékùṣù yìí wà. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí ni èyí: ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí ó dé bá Blasket ni ó ń dé bá àwọn ẹgbẹ́ eléré Kerry mìíràn ní díẹ̀díẹ̀?

1. Eré náà àti àwọn tí ó ni ín

Eré méjì ni a ń sọ. Nínú hurling, ọ̀pá igi tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ tí ó sì fẹ̀ ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí a fi awọ bò. Nínú bọ́ọ̀lù Gaelic, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń darí bọ́ọ̀lù tí ó tóbi ju ti hurling lọ. Láti 1913 ni ó ti jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní í wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Hurling lọ́jọ́ lórí púpọ̀: òfin tí a ṣe ní Kilkenny ní 1366 ti kà á léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀dó sí Írẹ́lándì, kí wọ́n má baà di ọmọ ilẹ̀ náà pátápátá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1884, Michael Cusack, Maurice Davin àti àwọn díẹ̀ mìíràn pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Thurles, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí GAA sílẹ̀ láti gbé àwọn eré ìbílẹ̀ ró. Párìṣì, èyí nì agbègbè kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan wà fún, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tí a bí sí párìṣì kan, ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni yóò bá ṣeré. A kì í san owó fún eléré, a kì í sì í rà á bí a ti ń ra eléré bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Nítorí náà, ẹ̀wù tí eléré wọ̀ dúró fún ilé tí a ti bí i.

2. Iyì òkè àti àìlera ìsàlẹ̀

Bí a bá fi ife díwọ̀n, kò sí káúntì tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú Kerry nínú bọ́ọ̀lù Gaelic. Ní 2025, ó gba ife gbogbo Írẹ́lándì ní ìgbà kọkàndínlógójì, kò sì sí káúntì mìíràn tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ní ti hurling, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kerry gba ife náà, ti ọdún 1891, ẹgbẹ́ párìṣì Ballyduff ni ó sì gbà á ní orúkọ káúntì. Títí di òní, apá àríwá nìkan ni hurling ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Kerry, láàrin ìwọ̀nba ẹgbẹ́ díẹ̀ bí Ballyduff, Causeway, Lixnaw, Kilmoyley àti Abbeydorney.

Ṣùgbọ́n ife kò lè sọ gbogbo òtítọ́ fún wa. Ní 1841, àwọn ènìyàn Kerry lé ní 290,000. Nígbà tí àrùn ba ànàmọ́ òyìnbó jẹ́ lóko láti 1845, ìyàn ńlá mú. Ní gbogbo Írẹ́lándì, ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kú, bí mílíọ̀nù kan mìíràn sì sá lọ sí òkè òkun. Ìlọ yìí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyàn. Ní 1947, Cavan àti Kerry ta ìdíje àṣekágbá ní New York, nítorí pé àwọn ọmọ Írẹ́lándì ti pọ̀ níbẹ̀ tó ẹni tí a ń gbé eré lọ bá. Cavan ni ó borí.

Àwa náà rí díẹ̀ nínú ìlọ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, àlùfáà kan láti Írẹ́lándì ni ó kọ́ wa ní lítíréṣọ̀. Ó fi ọ̀pá kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ́ sí ara ògiri yàrá rẹ̀. Àwa ọmọ ilé-ìwé gbà pé pàṣán wa ni. Ọdún kẹta ni a tó gboyà bi í léèrè. Ó ní ọ̀pá hurling ni, àti pé nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ní párìṣì òun, èyí tí ó pọ̀ jù kò sí nílé mọ́.

Ní 2022, àwọn ènìyàn Kerry lé ní 156,000, iye náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin lè wí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ìlú bí Tralee àti Killarney ni ènìyàn ń rọ́ sí. Àwọn párìṣì etí òkun ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ó ń fúyẹ́. Láti erékùṣù Valentia, ní gúúsù, ni Mick O'Connell ti wá, balógun Kerry nígbà tí ó gba ife ní 1959. Lónìí, ní irú párìṣì bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀tá ara wọn lórí pápá ní láti pa àwọn ọmọ wọn pọ̀ kí wọ́n tó rí ẹgbẹ́ kan kó jọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ènìyàn mẹ́jọ pàápàá kò lè jẹ́ ẹ nínú eré tí ó ń béèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

3. Àtúnṣe wo ni ó yẹ?

Àwọn kan ní kí a pa ààlà párìṣì rẹ́, kí oníkálukú máa ṣeré níbi tí ó wù ú. Lójú tèmi, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá ni yóò kó gbogbo ọmọ tí ó mọ eré. Àwọn mìíràn ní kí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké di ọ̀kan pátápátá. Òtítọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní káúntì Kilkenny, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta para pọ̀ di Ballyhale Shamrocks ní 1972, ife hurling gbogbo Írẹ́lándì ti àwọn ẹgbẹ́ párìṣì tí ó sì ti gbà láti ìgbà náà jẹ́ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá pàdánù orúkọ pàdánù ohun kan tí ife kò lè san padà.

Kerry fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà kẹta. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń dá ṣeré ní ìpele tiwọn, wọ́n a sì para pọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè nínú ìdíje àgbà káúntì. David Clifford, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Kerry lónìí, bá East Kerry gba ife káúntì. Síbẹ̀ ọmọ Fossa ni, Fossa náà sì gba ife gbogbo Írẹ́lándì ti ìpele kékeré ní 2023. Orúkọ Fossa kò parẹ́. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ Killarney ni Fossa wà, níbi tí ọmọ kò ti wọ́n.

Níbi tí ọmọ ti wọ́n, kò sí ètò ìdíje tí ó lè bí ọmọ. Àwọn aláṣẹ eré lè gbà kí ẹgbẹ́ kékeré fi ènìyàn mọ́kànlá tàbí mẹ́sàn-án ṣeré, ó sì yẹ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye tí 1913 fi lélẹ̀ kì í ṣe àṣẹ láti òkè ọ̀run. Ìyókù kù sọ́wọ́ àwọn tí kò sí lórí pápá: ìgbìmọ̀ káúntì tí ń fúnni ní ìyọ̀ǹda láti kọ́lé, àti ìjọba tí ó lè mú iṣẹ́ dé etí òkun. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò rí ilé gbé ní párìṣì rẹ̀ yóò lọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì wọ ẹ̀wù ibòmíràn.

Ìtàn tí Ó Criomhthain kọ fi hàn pé eré wà ní Blasket níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wà níbẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ Kerry ka àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ párìṣì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ka ife.